Láti Kétu dé Ìkógòsì: Ìrìnàjò Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ Láàárín Àwọn Ìlú Orí Òkè

Ẹni tó bá ń gbé Kétu, Ìkòsí, Alápẹ́rẹ́ tàbí Mile 12 ní Èkó kò jìnnà sí ọ̀nà òkè Èkìtì rárá. Láti àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń pe èrò Ìbàdàn, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì ní Kétu, Ọ̀jọ́tá àti Berger. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti dé Ìkógòsì, ìlú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Èkìtì, rí, ìlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan ni a fi ṣe. Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́ gbé wa láàárọ̀, a ti ẹsẹ̀ bọ omi, a ya fọ́tò, a jẹ ráìsì inú kúlà, a sì sáré padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe é lọ́nà mìíràn: kí ó sùn ní ìlú kan, kí ó jí lọ sí òmíràn, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn níbi tó bá ṣeé rìn, kí ó sì ná owó rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan tó fún gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú ìlú méjì nínú Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀fọ̀n, Ìkógòsì àti Ìdànrè, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ìlú orí òkè kì í fi ara rẹ̀ han ẹni tó ń kánjú.

Kí ẹ tó kúrò ní Kétu

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọjà Mile 12. Àwọn tó mọ àwọn ìlú tí ẹ ń lọ wà níbẹ̀, nídìí iṣu, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, nídìí orógbó. Ẹ kí wọn dáadáa: "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹrù yìí, ibo ló ti wá?" Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ ẹrù ọjà náà ti ń wá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bèèrè kiri, ẹ óò bá ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ará Ondó pàdé. Ẹ sọ fún wọn pé ìlú wọn lẹ ń lọ. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dárúkọ ẹ̀gbọ́n kan tàbí àǹtí kan tó ń bẹ nílé, tí wọn yóò ní kí ẹ bá àwọn kí i. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún, tí ẹ wí pé "lágbájá tó ń ta iṣu ní Mile 12 ló ní ká wá kí yín," ẹ ti kúrò ní àjèjì. Èmi gbà pé orúkọ bẹ́ẹ̀ wúlò ju nọ́ńbà hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá lọ.

Ẹ ra búrẹ́dì Agége bíi mélòó kan dání. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ tí kò mú búrẹ́dì, wọ́n á ṣì gbà á lálejò, àmọ́ wọn yóò wo ọwọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹrù kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ mú súwẹ́tà kan, nítorí òtútù ń mú lórí òkè lálẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, tọ́ọ̀ṣì, pọ́wábánkì, ìgò omi tí ẹ lè máa bu omi sí. Ẹ mú owó tí a lè fojú rí dání pẹ̀lú. POS wà ní Iléṣà àti Àkúrẹ́ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́, ọlọ́kadà kò sì ní dúró de aláàtì yín.

Nípa àsìkò: láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ọ̀nà gbẹ, òkúta òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ̀, ó sì rọrùn láti gun òkè. Ọyẹ́ lè bo ojú òkè mọ́lẹ̀ nígbà náà tí ẹ kò fi ní rí ọ̀ọ́kán. Bí ó bá jẹ́ ìṣàn omi tó ń dún bí àrá lẹ fẹ́ rí, ẹ lọ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, kí ẹ sì gbà pé ẹrẹ̀ yóò ta sí yín lára. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì kò ka òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn sí. Ó ń sun yípo ọdún.

Ojú ọ̀nà

Ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì ní Kétu tàbí Ọ̀jọ́tá, kí ẹ gba títì Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, kí ẹ gba Ifẹ̀ kọjá sí Iléṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kánjú ní ọ̀nà kan tó dùn jù ú lọ: ọkọ̀ ojú irin. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èbúté-Mẹ́ta lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ó sì ń dúró ní Agége, tí kò jìnnà sí Kétu. Ẹ óò rí Abẹ́òkúta láti ojú fèrèsé, ẹ kò ní gbọ́ ariwo agbèrò kankan. Láti Ìbàdàn, ẹ wọ mọ́tò Iléṣà.

Níbi yòówù kí ẹ ti wọkọ̀, ẹ bèèrè owó kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì bèèrè bóyá owó ẹrù wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún dírẹ́bà láti ìbẹ̀rẹ̀ ibi tí ẹ ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi bò. Àwọn ajínigbé ti da ojú ọ̀nà Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ondó láàmú lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Ojú ọ̀sán nìkan ni kí ẹ máa rìn. Ẹ kúrò láàárọ̀, kí ẹ rí i pé ẹ ti wà nínú ìlú tí ẹ óò sùn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ má gba ọ̀nà inú igbó tí ará ìlú kò bá yín rìn, bó ti wù kí ó kúrú tó lójú àwòrán ilẹ̀ orí fóònù. Ẹ bi onílé yín ní àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí ọ̀nà ṣe rí. Bí ó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ìdí nìyí tí ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi dára ju ti ọlọ́jọ́ kan lọ: ẹni tí ibùsùn rẹ̀ wà nítòsí kò ní ohun tó ń lé e wọ òru.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n

Ẹ sùn ní Iléṣà lálẹ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ìṣàn omi Olúmirin ti ń já láti orí òkúta. Ìpele méje ni wọ́n kà á sí. Ìpele àkọ́kọ́ ni gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ ìsinmi máa ń kóra jọ sí. Ariwo ibẹ̀ pọ̀. Láti ìpele kejì lọ sókè, ènìyàn ń dín kù, ọ̀nà sì ń le. Ẹ gba amọ̀nà láti inú ìlú, kí ẹ dá iye owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Òkúta etí omi ní èéhọ̀n tútù lára, ó sì ń yọ̀. Ẹni tó bá rọra ń fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi gòkè kì í ṣubú, ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti ya fọ́tò ló máa ń ṣubú. Lókè pátápátá ni abúlé Abákẹ́ wà, ní apá Ẹ̀fọ̀n. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ óò ti mọ̀ pé ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè àti ìlú tó wà lórí rẹ̀, aládùúgbò ni wọ́n, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ní láti yí òkè po kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ẹ má fi Ẹ̀fọ̀n Alààyè ṣe ibi tí a kàn ń gbà kọjá. Ìlú náà jókòó sáàárín òkè, ìkùukùu sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ bo òrùlé láàárọ̀. Ẹni tó bá bèèrè ìdí tí àwọn baba ńlá fi lọ tẹ̀dó síbi gíga bẹ́ẹ̀, ogun ni ìdáhùn. Ìlà òkè yìí kan náà ló na apá lọ sí Òkè-Mẹ̀sí àti Ìmèsí-Ilé, níbi tí ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ àti ti Ìbàdàn ti dojú kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì láti 1877. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí di 1893. Òkè ni odi tí kò ná ará ìlú ní kọ́bọ̀.

Ẹ fi odidi ọjọ́ kan fún Ẹ̀fọ̀n. Ẹ lọ wo ààfin Alààyè, ọba Ẹ̀fọ̀n, kí ẹ kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè, kí ẹ má kàn wọlé bí ẹni wọ ọjà. Ẹ̀fọ̀n jẹ́ ìlú agbẹ́gilére. Àgbọ̀nbíọ̀fẹ́, tó kú ní 1945, ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin náà lẹ́yìn iná tó jó o ní bíi 1912. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà lè yà sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn tí Olówè ará Ìṣẹ̀ gbẹ́ ti kúrò lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Kò padà mọ́, inú British Museum ló wà títí di òní. Àga tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti rí àwọn òpó tó ṣì wà nílé ní Ẹ̀fọ̀n yóò mọ irú nǹkan tó lọ.

Ní Ẹ̀fọ̀n yìí náà ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC sí, lẹ́yìn tó kú ní 1959. Àwọn onígbàgbọ́ ń wá síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹ bá bá wọn níbi àdúrà, ẹ bọ́ bàtà bí wọ́n bá bọ́ bàtà, kí ẹ pa fóònù mọ́ sápò.

Lálẹ́, ẹ wá ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gún iyán lójú yín. Ẹ dúró wo ìyá olóúnjẹ. Iṣu tó jinná tán ni yóò kó sínú odó, wẹ́wẹ́wẹ́, kò ní kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Yóò fi ọmọrí odó tẹ̀ ẹ́ rọ́ ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Bí ó bá ti ń fà, yóò wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, yóò yí i, yóò tún gún un, títí kókó kan kò fi ní kù. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò. Iyán tí a ń jẹ ní Kétu kì í burú, àmọ́ iṣu Ẹ̀fọ̀n kò tíì rìnrìn àjò.

Bí a ṣe ń gbélé onílé

Ìkíni ni ìwé ìrìnnà yín. Ẹ kí àgbà tó jókòó síwájú ilé kí ẹ tó bi í léèrè ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ sùn ju òru kan lọ nínú abúlé, ẹ jẹ́ kí onílé mú yín lọ kí baálẹ̀. Ẹ má ya àwòrán ojúbọ, odò ìlú tàbí àgbà obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ láìgba àyè. Ẹ bèèrè bóyá ìlú ń ṣe ọdún lọ́wọ́ àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún àlejò. Ẹni tó bèèrè kì í ṣìnà.

Ohun kan máa ń ya àwọn ọmọ Èkó lẹ́nu. Nínú ẹ̀ka èdè Èkìtì, ọmọdé lè pe àgbà ní "ìwọ" láìsí àfojúdi kankan nínú rẹ̀. Ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ àti ohùn ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀. Bí ìyá ọlọ́dún mọ́kànlélọ́gọ́rin bá ń gba "o" lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ má bá wọn bínú. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ máa lo "ẹ" tí wọ́n fi tọ́ yín.

Omi Ìkógòsì

Láti Ẹ̀fọ̀n sí Ìkógòsì, bí ẹyẹ bá ń fò, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ. Mọ́tò ń gba Ìpólé-Ìlórò, ó sì yẹ kí ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí Àrìnta, ìṣàn omi tó ń já láti orí òkè nínú igbó tútù. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Ẹ̀rìn. Ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ sinmi. Ìkógòsì kò jìnnà mọ́.

Ní Ìkógòsì, ẹ sùn ju òru kan lọ. Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ kan máa ń dé ní aago mọ́kànlá, wọ́n a sì lọ ní aago mẹ́ta. Ẹni tó sùn síbẹ̀ ló ni àárọ̀. Nígbà náà, ìkùukùu ń rú lójú omi nítorí òtútù òwúrọ̀, ohùn ẹyẹ nìkan ni ẹ óò sì gbọ́ lábẹ́ àwọn igi ńlá. Ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń yọ láti abẹ́ ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, ó ń ṣàn lọ, títí tó fi pàdé ìsun tútù. Níbi ìpàdé yẹn, ẹ lè ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ ti tòsì bọ tútù. Ẹ má sáré kúrò. Ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ sún mọ́ ara wọn, ẹ óò rí i pé ààlà wà nínú omi tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí awọ ara mọ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú ni pé ìyàwó ọkùnrin kan ni omi méjèèjì, ọ̀kan onínúfùfù, èkejì onísùúrù. Ẹ jẹ́ kí ará ìlú sọ ọ́ fún yín fúnra wọn. Bí agbo ilé kan ṣe ń sọ ọ́ yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ náà ní adùn tirẹ̀. Kò sí òkè oníná kankan níbẹ̀. Omi òjò ló ń wọ inú pàlàpálá òkúta quartzite orí òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí ooru wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bí a bá ti wọlẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru ń fi nǹkan bí 25 sí 30 Celsius lé sí i. Omi náà gba ooru yìí, ó wá bá pàlàpálá mìíràn gòkè padà kí ó tó ráyè tutù. Ẹ óò rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé pé 70 Celsius ni omi Ìkógòsì. Kì í ṣe òótọ́. Omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ yóò bó ènìyàn lára. Iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1969 fi í sí nǹkan bí 37, ìyẹn ooru ara ènìyàn gan-an, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ mọ́ ara bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ omi tó gbóná jù ú lọ yóò gba Òkè Ọya lọ, sí Akiri ní ìpínlẹ̀ Nasarawa tàbí Ruwan Zafi ní Adamawa, tí méjèèjì lé ní 50. Wikki tó wà ní Yankari kò ju nǹkan bí 31 lọ.

Omi náà ń tu iṣan ara tó ti rẹ̀ nínú. Ó ju ìyẹn lọ lójú àwọn tó gbà pé ó ń wo àrùn, èmi kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ dá oògùn dókítà dúró. Ẹ má lo ọṣẹ tàbí ìpara nínú ìsun. Ẹ má bu omi mu níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, adágún tí wọ́n kọ́ fún un ni kí ẹ lọ. Ibi ìpàdé omi kò jinlẹ̀, ẹsẹ̀ ló wà fún.

Àwọn míṣánnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ kọ́ ilé sínú ọgbà ìsun náà ní àwọn ọdún 1950. Ìjọba gbà á tún ṣe, ó tún bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Nítorí náà, ẹ pe ibẹ̀ kí ẹ tó lọ láti mọ iye yàrá. Bí owó rẹ̀ bá ga jù, ẹ wá ibùsùn sínú ìlú, kí ẹ máa san owó ìwọlé lójoojúmọ́. Mo fara mọ́ èyí jù. Ẹni tó sùn sínú ìlú yóò ra àkàrà lọ́wọ́ ará ìlú, ọlọ́kadà ìlú yóò gbé e, owó tó ná kò sì ní gba inú ọgbà jáde lọ sí Èkó padà. Ní Japan, àwọn arìnrìn-àjò ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Kumano láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń wẹ̀ nínú omi gbígbóná Yunomine, wọ́n ń sùn sínú ilé àlejò kéékèèké, owó náà sì ń gbé àwọn abúlé ró. Ẹ̀fọ̀n, Ìpólé àti Ìkógòsì ní ohun tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fẹ́. Àlejò tó máa dúró ni kò tíì pọ̀.

Ìdànrè, bí ẹsẹ̀ bá ṣì le

Láti Ìkógòsì, ẹ gba Ìgbàrà-Odò sí Ìgbàrà-Òkè, kí ẹ jáde sí ọ̀nà Àkúrẹ́. Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gbé ènìyàn lọ sí ìlú àtijọ́, àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú, bíi aago méje. Lókè lẹ óò rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́, nítorí odidi ìlú ni àwọn ènìyàn ń gbé lórí òkúta yìí títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Wọ́n ti kọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti 2007, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbà á. Ẹ kó gbogbo ọ̀rá omi tí ẹ bá mu sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń gun àtẹ̀gùn.

Mọ́tò Ọ̀jọ́tá àti Kétu ń kún ní Àkúrẹ́ láti àárọ̀. Ẹ wọ ti àkọ́kọ́, kí ẹ lè bọ́ sílẹ̀ kí gọsìló ìrọ̀lẹ́ tó di Berger pa.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọ̀gá yín fún yín, ẹ fi Ìdànrè sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, ẹ fi Ẹ̀rìn sílẹ̀ pẹ̀lú bí ó bá di dandan. Ẹ má yọ òru Ẹ̀fọ̀n kúrò, ẹ má sì dín òru méjì Ìkógòsì kù sí ọ̀kan.